Ọjọ́ 600 láìpa kọ̀ǹpútà, kí ni ẹ fi ń yangàn?

Mi ò lè ka iye ìgbà tí ẹnìkan ti tẹ uptime (àṣẹ tó ń sọ iye ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti wà ní títàn) sójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó ya àwòrán rẹ̀, tó wá ń fi hàn wá bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ sí Bódìjà. Ọjọ́ 400. Ọjọ́ 600. Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e kì í yí padà: “Windows ló máa ń ní kí èèyàn pa òun kó tún òun tàn. Linux ò nílò ìyẹn.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá tí mo bọ̀wọ̀ fún. Kí n má purọ́, èmi náà ti sọ ọ́ rí.

Pé Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, lè ṣiṣẹ́ fún ọdún gbáko láìkú, kò sí ẹni tó ń jiyàn. Pé ọ̀pọ̀ àtúnṣe rẹ̀ ń wọlé láìpa ẹ̀rọ, òótọ́ ni pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n wá fà yọ níbẹ̀ ló ń bí mi nínú: pé tí apt upgrade, àṣẹ tó ń fi àtúnṣe sórí ẹ̀rọ, bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà ti di tuntun nìyẹn. Dísìkì ló di tuntun o.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń fò kọjá. Lórí Linux, ọ̀tọ̀ ni orúkọ fáìlì, ọ̀tọ̀ ni fáìlì fúnra rẹ̀. Orúkọ dà bí nọ́ńbà tí wọ́n kàn mọ́ ara ilé. Ká ní onílé kan kọ́ ilé tuntun, ó wá yọ nọ́ńbà 12 kúrò lára ilé àtijọ́, ó kàn án mọ́ ara tuntun. Àlejò tó bá ń bọ̀ láti òní lọ, ilé tuntun ni yóò yà sí. Ṣùgbọ́n ayálégbé tó ti wà nínú ilé àtijọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó ń dáná, ó ń sùn, òrùlé tó ń jò ṣì ń jò sí i lórí. Onílé ò sì lè wó ilé náà àfi tí ayálégbé tó kẹ́yìn bá kó jáde.

Ohun tí apt ń ṣe gan-an nìyẹn. Ó fi orúkọ àtijọ́ fún fáìlì tuntun. Ètò tó ti ṣí ti àtijọ́ kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Windows kì í sábà gba irú èyí. Fáìlì tí ètò kan bá ń lò lọ́wọ́, títì ló máa ń tì í pa, ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tún òun tàn. Linux kò bẹ ẹnikẹ́ni, la bá sọ pé kò nílò ohunkóhun. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó rántí ọjọ́ tí dísìkì rẹ̀ kún, tó pa fáìlì lọ́ọ̀gì (àkọsílẹ̀ ohun tí ètò ń ṣe) ńlá kan rẹ́, tí df, àṣẹ tó ń sọ àyè tó kù, ṣì ń sọ pé dísìkì kún. Ayálégbé kò tíì jáde ni. Ẹ tẹ lsof +L1, àṣẹ tó ń to fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́ àmọ́ tí ètò ṣì ń lò, ẹ ó bá a níbẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2014 tí àṣírí Heartbleed tú, ihò ààbò kan nínú OpenSSL (kóòdù tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì), kíá ni àtúnṣe OpenSSL jáde. Ẹni tó fi í sórí dísìkì, àmọ́ tí Apache tàbí nginx rẹ̀ (ètò tó ń gbé ojú ewé wẹ́ẹ̀bù jáde) kò tún bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló ra àgádágodo tuntun tó sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí.

Ti àwọn ètò bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ rọrùn: ẹ tẹ systemctl restart láti tún ètò náà bẹ̀rẹ̀, ó parí. Kernel, ọkàn Linux fúnra rẹ̀, ni wàhálà. Èkùrọ́ ni orúkọ yẹn lédè tiwa, ẹ sì mọ̀ pé èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Kernel tuntun náà, títún ẹ̀rọ tàn ni alábàákú tirẹ̀. Tí ẹ kò bá tún un tàn, inú /boot, ibi tí wọ́n ń kó kernel sí lórí dísìkì, ló máa jókòó sí, èyí àtijọ́ yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ihò ààbò kan tó ń jẹ́ Dirty COW wà nínú kernel láti ọdún 2007, ọdún 2016 ni wọ́n tó tú àṣírí rẹ̀. Òǹlò lásán lè gba ibẹ̀ di root, ọ̀gá tó lè ṣe ohun gbogbo lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fi ọjọ́ 600 yangàn ní ọdún 2017, ohun tí mo kà lójú àwòrán rẹ̀ ni pé kernel àtijọ́, tí wọn kò tíì dí ihò yẹn, ló ṣì ń lò.

Wọn á ní livepatch wà, ọ̀nà tí wọ́n fi ń tún kernel ṣe láìpa ẹ̀rọ. Ó wà lóòótọ́, láti kernel 4.0 ti ọdún 2015. Ṣùgbọ́n ihò ààbò tó le ni wọ́n sábà máa ń fi dí, kò sì kan OpenSSL tàbí glibc, kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò, rárá. Àwọn tó ń fi í gbèjà ara wọn níwájú mi, mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n tiẹ̀ ti tàn án. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín.

Ṣé kí ẹ wá máa pa á lójoojúmọ́ ni? Rárá o. Lórí Ubuntu, oríṣi Linux kan, ẹ wò ó bóyá fáìlì /var/run/reboot-required wà. Tí kò bá sí, ẹ lè fi í sílẹ̀. Lórí Red Hat, oríṣi Linux mìíràn, àṣẹ needs-restarting -r yóò sọ fún yín. Kọ̀ǹpútà tí kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń lò ó, tó bá pẹ́ díẹ̀, mi ò ní bá yín jà. Ó ṣeé ṣe kí ń máa bẹ̀rù jù.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé NEPA. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti yí orúkọ yẹn padà, ayálégbé àtijọ́ ṣì wà nínú ilé. Tí ẹ kò bá yan ọjọ́ tí ẹ máa tún ẹ̀rọ tàn, NEPA á bá yín yàn án, kò sì ní dúró kí ohun tó wà nínú RAM, ìrántí tó ń pa rẹ́ tí iná bá lọ, délẹ̀ sórí dísìkì. Níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe rí, sáfà kan (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù) ti lo ohun tó lé ní ọdún méjì lórí inverter láìkú. Bátìrì inverter kú lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Nígbà tí iná dé, sáfà kò dé. Ẹnìkan ti kọ dísìkì kan sínú /etc/fstab, àkọsílẹ̀ àwọn dísìkì tí Linux máa ń wá nígbà tó bá ń tàn, nígbà kan, wọ́n sì ti yọ dísìkì náà kúrò tipẹ́. Sáfà jókòó, ó ń dúró dè é. Nígbà tó wá jí lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ètò tí àwọn oníbàárà ń lò kò bá a jí, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń tàn án, kò sẹ́ni tó ṣe systemctl enable rẹ̀, kó lè máa tàn fúnra rẹ̀. A pe ẹni tó mọ àṣẹ tí wọ́n fi ń tàn án. Ó ti wà ní Kánádà, ó ń sùn.