Bẹ́ńṣì Ọ̀rẹ́ ti Zimbabwe

Bẹ́ńṣì Ọ̀rẹ́ jẹ́ ètò ìtọ́jú ìlera ọpọlọ tí àwọn ìyá àgbà ń ṣe lórí bẹ́ńṣì onígi nínú ọgbà ilé ìwòsàn ìjọba ní Zimbabwe. Dókítà ọpọlọ Dixon Chibanda ló dá a sílẹ̀ ní 2006 pẹ̀lú ìyá àgbà 14 ní Mbare, nílùú Harare, ọdún kan lẹ́yìn tí ìjọba wó ilé àti ìsọ̀ ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù. Kò sówó, kò sí yàrá, àwọn nọ́ọ̀sì kò sì ráyè. “Bẹ́ńṣì ìlera ọpọlọ” ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ojú sì ń ti àwọn èèyàn láti jókòó síbẹ̀. Àwọn ìyá náà ló ní kí wọ́n pa orúkọ dà.

Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́ 14 ni wọ́n fi ń yẹ èèyàn wò, lórí ọjọ́ méje tó kọjá: bóyá ó ń ronú jù, bóyá oorun dá lójú rẹ̀, bóyá ó ń ṣe é bíi kó sunkún. Ẹni tó bá ń gbèrò láti pa ara rẹ̀ kọjá agbára ìyá àgbà nìkan. Ńṣe ni wọ́n ń fà á lé àwọn ọ̀gá wọn lọ́wọ́, kó lè dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ìjókòó mẹ́fà ni, ti àkọ́kọ́ ló sì le jù. Ẹni náà á ka gbogbo ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀, á mú ẹyọ kan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì wá àbáyọ tó lè gbìyànjú kí wọ́n tó tún ríra. Ibí ló ti máa ń bàjẹ́. Ìyá tó bá yára gbà á nímọ̀ràn ti gba iṣẹ́ náà ṣe mọ́ ọn lọ́wọ́ (ìwà àgbà ni, kò sì rọrùn láti fi sílẹ̀). Àbáyọ tó tóbi jù náà máa ń já sófo: “màá wáṣẹ́” kò ṣeé dì mú, àmọ́ “lọ́jọ́rú, màá bẹ ẹ̀gbọ́n mi kó yá mi lówó agbọ̀n tòmátì kan” ṣeé dán wò. Bí ẹ̀gbọ́n bá kọ̀, wọ́n á tún un gbé yẹ̀ wò ní ìjókòó tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń pè é sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń fi ọ̀rá àlòkù hun báàgì bí wọ́n ṣe ń tàkúrọ̀sọ.

Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA gbé jáde ní 2016 kó èèyàn 573 jọ ní ilé ìwòsàn 24 ní Harare. Ẹni tó dáhùn bẹ́ẹ̀ni ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ó kéré tán ni wọ́n gbà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìpíndọ́gba bẹ́ẹ̀ni àwọn tó lo bẹ́ńṣì ti wálẹ̀ sí 3.81, ti àwọn tí kò lò ó jẹ́ 8.90. Ètò náà ti dé Malawi, Zanzibar àti New York.