"A" tàbí "an": ẹnu ni ká gbọ́, ká má wo lẹ́tà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ìwé iṣẹ́ àmúrelé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wá bá mi ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ó ti kọ "a university". Tíṣà rẹ̀ fi bírò pupa fagi lé e, ó kọ "an" gàdàgbà sókè rẹ̀. Ó dùn mí, torí ohun tí ọmọ yẹn kọ ló tọ̀nà.

Òfin tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ wa ni pé bí a, e, i, o tàbí u bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, "an" ló kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìró tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ni òfin náà ń tẹ̀ lé. Báwo làwa Yorùbá ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yẹn? Yunifásítì. Y ló ṣíwájú, y kì í sì í ṣe fáwẹ̀lì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ "a university", "a uniform", "a European". Ní ti "hour", h inú rẹ̀ kò dún rárá, "an hour" ni.

Orúkọ ìgékúrú ló ń da àwọn ọmọ wa láàmú jù. Ẹ wo ilé ẹ̀kọ́ méjì nílùú wa níbí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan la fi ń pè é: ẹ́fù, sí, í. Ẹ ló kọ́kọ́ dún, nítorí náà "an FCE student". FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, ńkọ́? Odidi ọ̀rọ̀ la máa ń pè é, f ló kọ́kọ́ dún: "a FUNAAB student". Lẹ́tà F kan náà mà ni o! Bákan náà ni "an NCE certificate" (ẹ́ẹ̀nì la fi bẹ̀rẹ̀) àti "a UTME candidate" (yú la fi bẹ̀rẹ̀).

Irú nǹkan yìí kò ṣàjèjì sí wa. "Ní ọjà" ń di lọ́jà, "ní oko" ń di lóko, ṣùgbọ́n "ní ilé" kì í di "lílé", nílé ni. Ìró tó tẹ̀ lé e ló ń pinnu bóyá n á dúró tàbí á di l, kò sì sí tíṣà tó fi pàṣán kọ́ wa.

Mo ní kí ọmọ náà pe "university" sókè lẹ́ẹ̀mẹta, kó fi ìka kan ètè rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo kọ "honest man" síwájú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ pè é wúyẹ́wúyẹ́, ó wá kọ "an".