Síìmù Méjì Lórí Òpó Kan Kì í Ṣe Sípéà

Ẹgbẹ́ kan tún pè mí lọ́sẹ̀ yìí. Fáíbà, ìyẹn okùn tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé ìpàdé wọn, ti gé, síìmù tí wọ́n rà sílẹ̀ dè é náà ò gbé. Akápò wọn ti gbaná jẹ: “Ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀rọ yìí, owó lásán lẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ èèyàn.” Mo bi í pé ilé iṣẹ́ wo ló fa fáíbà wọlé fún wọn. Ó dárúkọ rẹ̀. Síìmù tó wà nínú ráútà kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, ńkọ́? Orúkọ kan náà. “Wọ́n dín owó kù fún wa torí pé ọ̀dọ̀ wọn la ti ra méjèèjì.”

Èsì yìí ti sú mi. Mo mọ̀ pé owó ẹgbẹ́ kékeré kì í pọ̀. Àmọ́ bí fáíbà yín àti síìmù yín bá ti jọ so mọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ ọ̀hún bá ṣubú, ẹ ò ní sípéà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánádà lọ́jọ́ 8 oṣù Keje, ọdún 2022. Ilé iṣẹ́ Rogers ń ṣàtúnṣe sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, wọ́n sì ṣèèṣì yọ àsẹ́ kan tó ń dín ìsọfúnni tó ń wọ àwọn ráútà ńláńlá àárín gbùngbùn kù. Ìsọfúnni ya lu àwọn ráútà yẹn, wọn ò lè gbé e, wọ́n dákú. Inú wọn náà sì ni fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ilé jọ ń gbà kọjá. Àwọn oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù 12 ló wà nínú òkùnkùn. Interac tí wọ́n fi ń sanwó ní ṣọ́ọ̀bù náà dákẹ́, torí orí Rogers lòun náà wà. Èyí tó tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín ni pé fóònù àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kó tún nǹkan náà ṣe wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kú ọ̀hún. Àfìgbà tí wọ́n rí síìmù ilé iṣẹ́ mìíràn lò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ 8 oṣù Kọkànlá, irú ẹ̀ tún ṣe ilé iṣẹ́ Optus ní Ọsirélíà: fóònù lọ, íntánẹ́ẹ̀tì ilé lọ, lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ má tíì sáré lọ ra orúkọ mìíràn o. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà ní owó pọ́ọ́kú ni ò ní òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan níbi kankan. Òpó ẹlòmíràn ni wọ́n ń yá lò. Ní Bìrìtéènì, òpó O2 ni giffgaff ń lò. Ní Amẹ́ríkà, òpó T-Mobile ni Mint Mobile ń lò. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn, ẹgbẹ́ kékeré gan-an ni irú wọn yẹ. Ẹ ṣáà ti bèèrè òpó ta ni wọ́n ń lò kẹ́ ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tó fa fáíbà yín ló ni òpó tí síìmù olówó pọ́ọ́kú yín ń lò, ojú kan náà lẹ ṣì wà. Ẹ tún bi wọ́n bóyá àwọn oníbàárà ẹni tó ni òpó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn nígbà tí èrò bá pọ̀ lórí òpó. Alẹ́ ìpàdé yín gan-an lè jẹ́ ìgbà tí èrò ń pọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná náà wà níbẹ̀. Mo ti bá ẹgbẹ́ tó ra ráútà olówó ńlá, tí iná wá lọ, tí gbogbo ẹ̀ sì kú, torí kò sí bátìrì lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ ra bátìrì kékeré kan fún un.

Kí lẹ máa rà nígbà náà? Ẹ ra síìmù bíi méjì mẹ́ta lórí òpó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ fi dátà tó kéré jù lọ sí i. Ẹ kó wọn sínú fóònù àtijọ́ kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ dúró síbi tí ráútà yóò wà gan-an, ní wákàtí tí ẹgbẹ́ máa ń ṣèpàdé. Ẹ má ṣe é láàárọ̀ kùtù tí kò sẹ́ni kankan lórí òpó. Ẹ sì má wo àwọn igi kéékèèké tó ń gòkè lójú fóònù, irọ́ ni wọ́n máa ń pa. Lórí Android, ẹ wọ inú ètò fóònù, kẹ́ ẹ wá ibi tó ti ń sọ ipò síìmù. Ẹ ó rí nọ́ńbà kan tó ní àmì ìyọkúrò níwájú, tí dBm tẹ̀ lé e; òun ló ń sọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe lágbára tó níbẹ̀. -80 dára gan-an. -100, ẹ ṣì lè fara dà á. Tó bá ti ń lọ sí -115, ẹ gbé síìmù yẹn fún ọmọdé kó fi ṣeré. Tó bá jẹ́ pé páànù tàbí irin ló bo ilé yín, ojú fèrèsé ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ wò ó.

Níbí làwọn oníjìbìtì ti máa ń wọlé. Ẹnì kan á ta bébà tín-ínrín aláwọ̀ wúrà fún yín pé kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù, pé yóò máa fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bébà ni. Ẹlòmíràn á ní òun máa yí APN yín sí “èyí tó ń sáré”. APN ò ju orúkọ ilẹ̀kùn tí dátà yín ń gbà jáde lọ. Tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ tí kò sí, ẹ ò ní jáde rárá. Àwọn tó ń fi aṣọ nu síìmù kí wọ́n tó dá a padà, mi ò bá wọn jà mọ́. Pípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kẹ́ ẹ tún tàn án padà, ìyẹn máa ń ṣiṣẹ́ nígbà míì, torí fóònù á tún òpó wá látìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ẹ̀rọ agbénẹ́tíwọ́ọ̀kìga tí wọ́n ń tà láìgbàṣẹ. Ariwo ẹ̀ máa ń dí òpó lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ka lílò rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Fóònù àtijọ́ tẹ́ ẹ fi dánra wò yẹn náà lè di sípéà yín. Ẹ ṣáà má fi í sórí ṣájà fún oṣù mẹ́fà. Mo ti rí èyí tí bátìrì ẹ̀ wú, tó ti ojú fóònù sókè, tó wá dà bí àkàrà. Dátà tó ń pẹ́ kó tó parí ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe tolóṣooṣù tẹ́ ẹ ò ní fọwọ́ kàn. Kẹ́ ẹ sì bèèrè ọjọ́ tí wọ́n máa pa síìmù tí ò ṣiṣẹ́. Nígbà tí sípéà bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ìsanwó àti kọ̀ǹpútà akọ̀wé nìkan ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà lórí ẹ̀: fídíò HD kan lè jẹ tó GB 3 ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ìsanwó ò jẹ ju bíńtín lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ ta ni síìmù náà yóò wà. Ẹgbẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ fi síìmù sípéà wọn sórúkọ akọ̀wé, torí òun ló sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Òun àti alága jà, ó bínú kúrò, kò sì sẹ́ni tó rántí síìmù. Lálẹ́ ìdìbò tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ ti ilé wọn dìbò, fáíbà lọ. Ráútà yí sórí sípéà bí mo ṣe ṣètò ẹ̀ gẹ́lẹ́, láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò sí dátà lórí ẹ̀. Wọ́n fẹ́ ra dátà, kóòdù tí wọ́n ní láti tẹ̀ ń lọ sórí fóònù akọ̀wé àná. Alága pè é. Ó ní òun ò ríran ka kóòdù lálẹ́. Wọ́n tún pè é, ó kàn sí ilé iṣẹ́ náà pé wọ́n jí síìmù òun, wọ́n sì dí i pa.

Ni alága, akápò àti àgbà ẹgbẹ́ méjì bá kó sínú ọkọ̀ kan, wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó dìbò. Akọ̀wé àná wọlé gẹ́gẹ́ bí igbákejì alága, síìmù náà sì ṣì wà lórúkọ ẹ̀.