Difẹ́ńsì Ravens ọdún 2000 ò dá gba ife yẹn o

Gbogbo ìgbà tí Super Bowl, àṣekágbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan wà táwọn èèyàn máa ń sọ bíi pé inú Bíbélì ló ti wá, pé difẹ́ńsì ló ń gba ife, ọfẹ́ńsì kàn ń ṣe fáàrí lásán ni. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n fẹ̀rí ẹ̀ hàn yín, Baltimore Ravens ọdún 2000 ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ, wọ́n á ní ṣé ẹ rántí tíìmù yẹn, kò sẹ́ni tó lè gbé bọ́ọ̀lù síwájú níbẹ̀, difẹ́ńsì nìkan ló pọ̀n wọ́n débi ife. Mo fẹ́ràn tíìmù yẹn gan-an, ìdí nìyẹn tọ́rọ̀ yìí fi máa ń dùn mí, torí wọ́n ń fi ohun tí ò ṣẹlẹ̀ yìn wọ́n.

Fẹ́yin tẹ́ ò kì í wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, kò dà bíi tiwa tó jẹ́ pé èèyàn 11 kan náà ló ń gbá a lọ síwájú tí wọ́n á tún sáré padà wá dí ẹ̀yìn o. Lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ, ìyẹn ọfẹ́ńsì, yàtọ̀ pátápátá sáwọn tó ń dínà, ìyẹn difẹ́ńsì, bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ yín báyìí, 11 á jáde, 11 mìíì á wọlé. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé òpin ilẹ̀ àwọn tẹ́ ẹ̀ ń bá gbá, touchdown nìyẹn, pọ́ìntì 6, tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ gbá ti ẹ̀yìn ẹ̀ wọlé, ẹ tún gba 1, ó di 7, àmọ́ tẹ́ ò bá gbé e débẹ̀, tẹ́ ẹ kàn fẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó méjì kọjá, field goal, 3. Torí pé ọfẹ́ńsì àti difẹ́ńsì tíìmù kan ò jọ ń wà lórí pápá pa pọ̀ láwọn èèyàn ṣe rò pé iṣẹ́ ọ̀kan ò kan ìkejì, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣì í.

Kó má di pé mò ń bu difẹ́ńsì yẹn kù o. Géèmù 16 ni wọ́n gbá ní sáà yẹn, pọ́ìntì 165 péré làwọn tó kojú wọn rí gbà lọ́wọ́ wọn, àtìgbà tí líìgì ti bẹ̀rẹ̀ géèmù 16 lọ́dún 1978, kò tíì sí tíìmù tó ṣe irú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n bá èèyàn gbá tónítọ̀hún ò rí òdo pàápàá sọ di nǹkan kan. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: Tony Siragusa àti Sam Adams ló ń dúró láàárín níwájú, àwọn ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo ju 300 pọ́n-ùn lọ dáadáa, ẹnì kan ò lè dá tì wọ́n, méjì méjì lèèyàn gbọ́dọ̀ fi kojú wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, táwọn mẹ́rin bá ti há sọ́dọ̀ àwọn méjì yìí, ta ló tún kù tó máa ráyè dí Ray Lewis lọ́nà lẹ́yìn wọn? Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dání á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tóun máa gbà ni, Lewis á ti dé bí ààrá. Gbogbo yáàdì táwọn èèyàn fẹsẹ̀ sá mọ́ wọn lọ́wọ́ lódindi sáà yẹn ò ju 970 lọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sí October ọdún yẹn. Géèmù 5 ni Ravens gbá lóṣù yẹn, wọn ò sì rí touchdown kan ṣoṣo he, kódà kan! Wọ́n na Cleveland 12-0, wọ́n na Jacksonville 15-10, Washington wá nà wọ́n 10-3, Tennessee nà wọ́n 14-6, Pittsburgh nà wọ́n 9-6. Gbogbo pọ́ìntì tí wọ́n rí nínú márààrún, ẹsẹ̀ Matt Stover tó ń gbá field goal ló ti wá. Ẹ ro ó pọ̀, 42 ni wọ́n rí, 43 ni wọ́n jẹ́ káwọn èèyàn rí. Difẹ́ńsì yìí kan náà mà ni o, Ray Lewis yìí náà ni, Siragusa yìí náà ni, pọ́ìntì 9 péré ni wọ́n jẹ́ kí Pittsburgh rí nílé wọn, wọ́n ṣì pàdánù. Tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni pé difẹ́ńsì nìkan tó, October yẹn ló yẹ kó fi hàn.

Ohun kan tún wà táwọn èèyàn ti gbàgbé pátá. Ní September, Jacksonville ti kọ́kọ́ wá sí Baltimore, lọ́jọ́ yẹn difẹ́ńsì tá à ń sọ yìí fọ́ yángá, Jimmy Smith nìkan gba bọ́ọ̀lù tó tó yáàdì 291 mọ́ wọn lọ́wọ́, pọ́ìntì 36 ni Jacksonville rí. Ṣùgbọ́n Ravens ló borí, 39-36, torí Tony Banks tó jẹ́ quarterback wọn nígbà yẹn, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fáwọn tó kù, ju touchdown 5, Shannon Sharpe ló gba èyí tó kẹ́yìn. Ọfẹ́ńsì ló yọ difẹ́ńsì nínú wàhálà lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí October le koko, Brian Billick tó jẹ́ kóòṣì yọ Banks, ó fi Trent Dilfer sípò ẹ̀. Dilfer pàdánù èyí tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n dé Cincinnati, ó ju bọ́ọ̀lù sí Brandon Stokley, touchdown, ara wá tu gbogbo ilé, 27-7 ni wọ́n nà wọ́n. Látọjọ́ yẹn wọn ò pàdánù mọ́, 11 tẹ̀ léra títí kan Super Bowl. Dilfer kì í ṣe ògbólógbòó quarterback, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ Jamal Lewis wà lẹ́yìn ẹ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ líìgì, tó sáré 1,364 yáàdì lọ́dún yẹn. Gbogbo ìgbà tó bá ń gbé bọ́ọ̀lù wọ àárín èrò díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀, aago ń lọ, Siragusa àtàwọn èèyàn ẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń mumi, wọ́n ń mí. Ẹni tó bá sinmi báyẹn ló lè jáde wá ní quarter kẹrin kó ṣì máa ju èèyàn nílẹ̀. (Orúkọ Yorùbá náà wà nínú àwọn asáré tíìmù yẹn o, Obafemi Ayanbadejo, ọfẹ́ńsì lòun náà wà. Àbúrò ẹ̀ Brendon gba Super Bowl pẹ̀lú Ravens kan náà ní 2013.)

Ẹ wo Oakland, January 2001, géèmù tó kángun sí Super Bowl. Ravens wà ní yáàdì 4 tiwọn, ẹ̀yìn wọn ti fẹ́ẹ̀ kan ògiri, yáàdì 18 ni wọ́n nílò kí bọ́ọ̀lù má bàa bọ́ lọ́wọ́ wọn. Dilfer ju pélébé kan lásán sí Sharpe láàárín, Sharpe gbà á, ó yà, kò sẹ́ni níwájú ẹ̀ mọ́, ó sá a dé òpin, yáàdì 96. Touchdown kan ṣoṣo tó wà nínú géèmù yẹn nìyẹn, 16-3.

Ní Super Bowl tí wọ́n gbá ní Tampa, wọ́n na Giants 34-7, ọfẹ́ńsì Giants ò rí pọ́ìntì kankan, ẹni tó gba bọ́ọ̀lù kickoff, èyí tí tíìmù kejì máa ń fẹsẹ̀ gbá síni lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba pọ́ìntì, tó sì sáré, ló gba 7 yẹn. Kò séèyàn tó máa jiyàn iṣẹ́ difẹ́ńsì lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nínú 34 yẹn, 7 ló wá látọwọ́ difẹ́ńsì fúnra ẹ̀, nígbà tí Duane Starks já bọ́ọ̀lù gbà tó sì sá a wọlé, 7 mìíì látẹsẹ̀ Jermaine Lewis tó dá kickoff padà, Dilfer àti Stokley, Jamal Lewis àti ẹsẹ̀ Stover ló mú 20 tó kù wá.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló tiẹ̀ yẹ kó parí àríyànjiyàn yìí. Ravens ní kí Dilfer máa lọ, wọ́n mú Elvis Grbac wá, Jamal Lewis fi orúnkún ṣeṣe kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kò gbá géèmù kan. Ray Lewis ṣì wà, Siragusa àti Adams ṣì wà, Rod Woodson ṣì wà lẹ́yìn, difẹ́ńsì wọn ṣì wà lára èyí tó dáa jù ní líìgì. Wọ́n borí 10, wọ́n pàdánù 6, wọ́n na Miami, wọ́n wá lọ sí Pittsburgh ní January 2002, ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹ ẹ́, 27-10. Nínú 10 yẹn, 7 jẹ́ ti Jermaine Lewis tó gba bọ́ọ̀lù punt sáré, ìyẹn èyí táwọn tí ò lè lọ síwájú mọ́ máa ń fẹsẹ̀ gbá jìnnà. Pọ́ìntì 3 péré ni ọfẹ́ńsì rí lọ́jọ́ náà.