Mo fẹ́ dá ọ̀nà ìkọ̀wé tèmi sílẹ̀, kí ló dé tí mi ò lè ka nǹkan tí mo kọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ wa ní Ọ̀fà ni mo wà. Mo ya lẹ́tà 25 tèmi, mo fi jọ ti Lárúbáwá àti ti Kòríà, ó rẹwà gan-an, àmọ́ tó bá di ọjọ́ kejì mi ò lè kà á mọ́. Ṣé èèyàn kan lè dá irú nǹkan báyìí ṣe ṣá?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, àbúrò mi. Sequoyah, ará Cherokee ní Amẹ́ríkà, kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, ó kàn ń rí àwọn òyìnbó tí wọ́n ń tẹjú mọ́ bébà ni, òun náà bá jókòó tì í títí ó fi parí tiẹ̀ ní 1821. Ó yá ìrísí lẹ́tà òyìnbó díẹ̀ àmọ́ ohùn tiẹ̀ ló fún wọn, èyí tó dà bíi D nínú tiẹ̀, "a" ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ọdún 14 àti 10 ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò Barry ní Guinea nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní Adlam fún èdè Fúlàní ní 1989.

Ìbéèrè: Kí ló wá ṣe tèmi?

Ìdáhùn: Mo wo fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ dáadáa. O kọ "Bàbá ń tún ọkọ ṣe", o ò fi àmì ohùn kankan sí i. Ṣé ọkọ́ ni àbí ọkọ̀? Ìwọ tó o kọ ọ́ gan-an ò mọ̀ mọ́! Ìkejì, b, t àti d tìẹ jọra jù, dọ́ọ̀tì nìkan ló yà wọ́n. Nínú kéwú náà, bá àti tá, ikùn kan náà ni wọ́n ní, dọ́ọ̀tì kan nísàlẹ̀, méjì lókè, àmọ́ ọmọ kéwú ti fi tàdáwà kọ wọ́n sórí wàláà láìmọye ìgbà kójú ẹ̀ tó mọ́ wọn, ìwọ ò tíì ṣe oṣù kan.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá yá lọ́wọ́ wọn?

Ìdáhùn: Ọgbọ́n wọn ni kó o yá, ìrísí ò le. Àwọn álífáà Ìlọrin ti ń fi lẹ́tà kéwú kọ Yorùbá tipẹ́, àmọ́ àmì fáwẹ̀lì mẹ́ta ni kéwú ní, tiwa jẹ́ méje, ìyẹn ló jẹ́ kí e àti ẹ máa dàrú mọ́ra. Fífi fáwẹ̀lì sókè tàbí sísàlẹ̀ kọ́ńsónáǹtì dáa, yá a, ṣùgbọ́n ya méje. Ti Kòríà ló wù mí jù: Ọba Sejong tó ṣe é ní 1443 ya ahọ́n àti ẹnu bí wọ́n ṣe ń rí téèyàn bá ń sọ̀rọ̀, tí ohùn bá wá le sí i, wọ́n á fi ìlà kan kún un. Ìwọ náà, fi ìlà kún b kó di gb, kún s kó di ṣ.

Ìbéèrè: Tí n bá wá ya ba, be, bi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Kọ́ńsónáǹtì 18 lọ́nà fáwẹ̀lì 7, 126 nìyẹn, a ò tíì kan in àti ọn o. Má dá ara ẹ lágara.

Ṣe àtúnṣe, kó o fi kọ gbogbo nǹkan tí màmá rán ẹ lọ́jà, gbé e pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó o wá kà á. Lẹ́tà tó bá dá ẹ dúró, òun ni kó o yí padà, kó o wá ya fọ́tò tuntun ránṣẹ́ sí mi.