Dongoyárò Kì í Ṣe Òtàpíàpíà

“Mo fín in lánàá, kòkòrò ò kú.” Ohun tí mo máa ń gbọ́ nìyẹn lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi dongoyárò tọ́jú oko, pàápàá àwọn olóko ilá. Ewé ilá wọn ti dà bí asẹ́, àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń fò bí èèyàn bá fọwọ́ kan ewé sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá torí èyí pa á tì, nítorí oògùn náà dára.

Dongoyárò kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní azadirachtin ló ń ṣiṣẹ́: kòkòrò tó bá tọ́ ọ wò, oúnjẹ á sú u, èyí tó ṣì kéré kò ní lè bọ́ awọ dàgbà. Nígbà tí eéṣú bo ilẹ̀ Sudan lọ́dún 1959, Heinrich Schmutterer, onímọ̀ nípa kòkòrò láti Jámánì, rí i pé wọ́n jẹ ewé igi yòókù, wọ́n fi ti dongoyárò sílẹ̀.

Ohun tó ń bà á jẹ́ lọ́wọ́ wa ni pé ewé la máa ń já, a ó sì sè é bí àgbo ibà. Kóró ni èròjà yẹn pọ̀ sí, iná sì ń dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ ṣa èso tó pọ́n, ẹ fọ ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ sá kóró náà síbi òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Èyí tó bá bu, ẹ dà á nù. Ẹ pa èèpo rẹ̀, ẹ gún ìdajì kílò, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 10 di ọjọ́ kejì. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ dáadáa kó má baà dí ẹnu ẹ̀rọ. Ọṣẹ díẹ̀ á jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ewé, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fín in gan-an ni kí ẹ pò ó mọ́ ọn. Èmi kì í lo ọṣẹ dúdú, torí omi eérú tí wọ́n fi sè é lè ba èròjà náà jẹ́.

Oòrùn náà ń bà á jẹ́, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, kó sì kan abẹ́ ewé. Ẹ tún un fín lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, àti bí òjò ńlá bá ti rọ̀. Ẹ má dúró kí kòkòrò pọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní tábà yá ju èyí lọ. Òótọ́ ni, tábà ń pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n májèlé gidi ni fún ẹni tó ń fín in, awọ ara ló ń gbà wọlé, ó sì lè kó àrùn ran tòmátò àti ata. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín in sórí ẹ̀fọ́ tí ọmọ yín máa jẹ.

Bí ẹ bá ti fi dongoyárò sí i, ẹ má wá òkú kòkòrò nílẹ̀. Ihò ara ewé àtijọ́ kò ní dí. Ewé tuntun tó bá yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni kí ẹ yẹ̀ wò, kí ẹ ka iye ihò tó wà lára rẹ̀.