Ohun tó ń tu ẹ́ńjìnì Porsche àtijọ́ lára ní Abuja

Ọkọ̀ asáré tó ti dàgbà kì í sábà gbóná jù lórí eré. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni wàhálà wà. Ẹ wo Porsche 944, tí wọ́n ṣe láti 1982 sí 1991. Bó bá ń sáré bọ̀ láti Kubwa, atẹ́gùn á máa gba àárín rédíétọ̀ kọjá, á sì máa kó ooru inú omi lọ. Bó bá wá há sí Nyanya nírọ̀lẹ́ oṣù kẹta, atẹ́gùn tán nìyẹn, ó ku fáànù méjì tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀. Síwíìsì kékeré kan ló ń tan wọ́n. Ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ síwíìsì náà kó tó kú.

Tẹ́mósítáàtì ni wọ́n fi ń pa ọkọ̀ yìí lára jù. Ìlẹ̀kùn ni. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣì tutù, ó máa ń tì, kí omi lè máa yí inú ẹ́ńjìnì nìkan, kí ara rẹ̀ tètè yá. Bí omi bá gbóná kọjá nǹkan bí 80°C, á ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, á sì dí ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀. Mẹkáníìkì á ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ dànù, oòrùn Abuja ti pọ̀ jù.” Ẹ má gbà o! Bí wọ́n bá yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá yẹn á ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi gbígbóná á sì máa padà sínú ẹ́ńjìnì láì fojú kan rédíétọ̀. Láàárọ̀ ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, ẹ́ńjìnì á pẹ́ kó tó yá, ọ́ìlì á sì ki.

Omi bọ́ọ̀hóòlù náà ò dáa. Alumíníọ̀mù ni ẹ́ńjìnì yìí, omi lásán a sì máa jẹ ẹ́. Kúlááǹtì, ìyẹn oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí omi jẹ ẹ́ńjìnì, ìdajì, omi dísítílì ìdajì, irú èyí tí wọ́n ń rọ sí bátìrì, ló tọ́ sí i.

Pọ́ǹpù tó ń ti omi kiri, táímíǹ bẹ́líìtì, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń mú kí fáàfù àti písítìnì máa rìn ní ìbámu, ló ń yí i. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ pọ́ǹpù náà. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti ń gbó, ibẹ̀ ni omi á ti máa kán. Ẹni tó ti Ìlọrin ṣọdún dé, kó kọ́kọ́ tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú. Bí ẹ̀kán kúlááǹtì bá wà lórí rẹ̀, kó má ṣe tan ọkọ̀ náà mọ́. Pọ́ǹpù náà lè há lójú ọ̀nà, kó má yí mọ́. Bí pọ́ǹpù bá ti há, bẹ́líìtì lè já, fáàfù á sì lu písítìnì.